Fọ́tò Tí A Ò Gbọdọ̀ Ṣí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Fọ́tò bàtà ló ba ọjọ́ mi jẹ́ lónìí. Ẹnìkan tí a ò mọ̀ rí ló fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ wa. Ó ní kí a fi ètò àtúnṣe fọ́tò tí a ń ṣe ṣí i, kí a wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ mi ni apá tó ń ka fáìlì wà, nítorí náà èmi ni ọ̀gá pè. Mo ṣí i. Bàtà aláwọ̀ ilẹ̀ kan yọ fìrí, ètò wa kú, ẹ̀rọ ìṣirò inú kọ̀ǹpútà sì ṣí fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ọ̀gá ní, "Kí ni ẹ̀rọ ìṣirò ń wá níbẹ̀?"

Mo ní, "Kò wá nǹkan kan, sà. Ẹni yẹn kàn ń fi hàn wá pé òun lè pe ohun tó bá wu òun wọlé ni. Bó ṣe pe ẹ̀rọ ìṣirò, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe lè pe olè."

Ọ̀gá fìdí lélẹ̀ lórí àga. Ẹni náà fún wa ní àkókò títí di ìparí oṣù kẹrin kí a fi tún un ṣe, kí òun tó sọ fún gbogbo ayé. Ọ̀gá ní ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde, ẹbí ò gbọdọ̀ gbọ́, ọ̀rẹ́ ò gbọdọ̀ gbọ́, torí bí ó bá ta sétí ẹni ibi kí àtúnṣe tó dé, àwọn tó ń lo ètò wa ló máa fara gbá a. Gbogbo wa ló jẹ́jẹ̀ẹ́: èmi, obìnrin tó ń bá wa polówó ọjà, àti Onígíláàsì tó máa ń dán iṣẹ́ wa wò kó tó jáde. Kí a tó jẹun ọ̀sán, Onígíláàsì ti sọ ẹni náà ní Olófòófó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Mo ti rí ibi tó ti jò. Fáìlì fọ́tò kọ̀ọ̀kan máa ń sọ ìwọ̀n ara rẹ̀ kó tó wọlé: báyìí ni mo fẹ̀ tó, báyìí ni mo ga tó. Ètò wa á sọ ìbú di púpọ̀ nípa gíga, á sì gba àyè tó bá èsì rẹ̀ mu nínú ìrántí kọ̀ǹpútà. Olófòófó kọ ìwọ̀n tó tóbi débi pé èsì náà kún kọjá ibi tí a ń kọ ọ́ sí, ló bá yí padà di nǹkan bíńtín, bí nọ́ńbà tó ń ka máìlì nínú ọkọ̀ tó rìn títí tó fi padà sí òdo. Àyè kékeré la gbà, fọ́tò ńlá la dà sínú rẹ̀. Gbogbo wàhálà wa ò ju pé a gba ohun tí fáìlì sọ nípa ara rẹ̀ gbọ́.

Obìnrin ìpolówó ní kí n sọ ọ́ lọ́nà tó máa yé òun. Mo ní, "Ẹ rò ó pé àlejò kan ní ẹni méjì lòun ń mú bọ̀. Ẹ tẹ́ ẹní fún ẹni méjì. Ó wá kó ogún èèyàn dé. Àwọn tí ò ríbi sùn á ya wọ yàrá kejì, wọ́n á dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì onílé, ọ̀kan nínú wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ fún àwọn ọmọ ilé."

Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ò ka orí wọn lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo kọ ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Ooru ti ọ̀sán yìí ò ṣe é fẹnu sọ, fáànù ń yí bí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje

Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi. Bọ̀dá Fọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ètò wa ló sì fi ń jẹun. Èmi ni mo fi í sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo sì fi yangàn nígbà náà. Ìyàwó wa wà nídìí káńtà, ó ń gé fọ́tò pélébé ti ìwé ìrìnnà. Ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ẹ káàbọ̀." Orúkọ tó sọ mí lọ́jọ́ tó wọ ilé wa nìyẹn. Mo ti sanra kúrò lẹ́ni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò yí i padà.

Bọ̀dá ń ṣí fọ́tò tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ọmọ tuntun. Tọkọtaya. Ọkùnrin kan tó fẹ́ kí wọ́n yọ àbàwọ́n òógùn kúrò lára ẹ̀wù òun. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo ká ọwọ́ lérí. Bó bá ti tẹ ọ̀kan báyìí, àyà mi á já, mo sì ń retí kí ẹ̀rọ ìṣirò yọjú. Kò yọjú. Ẹnu ń yún mi.

Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ má ṣí fọ́tò ẹni tẹ́ ò mọ̀ fún ìgbà díẹ̀."

Ó yíjú pa dà. "Ẹni tí mo mọ̀ nìkan? Ṣé ẹbí wa nìkan ni mo wá ń ya fọ́tò fún ni?"

"Àwọn tí àdírẹ́sì wọn ṣàjèjì ni mo ń wí. Ẹ kó wọn sọ́tọ̀."

"Nítorí kí ni?"

"Ẹ ṣáà bá mi kó wọn sọ́tọ̀."

Ó wò mí títí, ó ní ó dáa. Láti ọjọ́ tí mo ti bá a gba iṣẹ́ ìgbéyàwó kan padà lẹ́nu kọ̀ǹpútà tó kú, ohun tí mo bá sọ nípa ẹ̀rọ ti di òfin lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo padà sílé, inú mi ò dùn, inú mi ò bàjẹ́. Ṣe ni mo ń rìn ká yàrá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹjọ

Mo jókòó, mo dìde. Mo fọ aṣọ tó mọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ó ti parí. A ti ń ka orí wọn lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Mo fún ètò wa ní fọ́tò bàtà, ó kọ̀ ọ́, ó ní ìwọ̀n fáìlì yìí ò bá òótọ́ mu. Ọ̀gá ra ohun mímu tútù fún gbogbo wa. Obìnrin ìpolówó pàtẹ́wọ́. Mo rẹ́rìn-ín, mo mu tèmi tán, síbẹ̀ ara mi ò lélẹ̀. Ó yá jù.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo ti mọ̀.

Onígíláàsì ò ṣí fọ́tò bàtà o. Fódà tí fọ́tò náà wà nínú rẹ̀ ló ṣí láti inú ètò wa, ó ń wá nǹkan mìíràn, ẹ̀rọ ìṣirò sì yọ sí i. Ó wá sídìí tábìlì mi, ó ń nu gíláàsì rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí ìròyìn bá burú. Ó ní, "Àǹtí, mi ò tẹ̀ ẹ́. Mo kàn wò ó ni."

Àwọn àwòrán kékeré-kékeré ni. Bí èèyàn bá ti ṣí fódà, ètò wa á ya fọ́tò kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ ní kékeré kí onítọ̀hún lè mọ èyí tó fẹ́ mú. Kó lè yà á, ó gbọ́dọ̀ kà á. Ẹnìkan tó ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ tipẹ́ ló da kóòdù wa tó ń ka fáìlì kọ síbẹ̀ lọ́tọ̀, torí ó fẹ́ kó yára. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà iwájú ni mo tì, ti ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ohun tó gbé mi dìde lórí àga ni pé mo ní kí bọ̀dá mi kó fọ́tò àwọn àjèjì sójú kan. Bí ẹni pé èmi ni mo bá a kó gbogbo wọn jọ sínú fódà kan ṣoṣo ló rí. Bó bá ṣí i, ó ti ṣí gbogbo wọn pọ̀ nìyẹn.

Mo lọ bá ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, sà. Òun nìkan."

Ọ̀gá ò bínú. Ìbá sàn kó bínú. Ó ní, "Bí o bá sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ, èmi náà á sọ fún àbúrò mi, Onígíláàsì á sọ fún àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Ta ló wá kù tí ò gbọ́? Mélòó nínú àwọn tó ń lo ètò yìí ló ní àbúrò níbí?"

Mo padà sídìí tábìlì mi. Òótọ́ ló sọ, ó sì dùn mí wọra.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo ti wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó ṣí i. Bọ̀dá ti ṣe bí mo ṣe wí, ó tiẹ̀ fi yangàn. Ó pe orúkọ fódà náà ní Àwọn Àjèjì, ó sì fẹ́ ṣí i kí n rí bí òun ṣe tò wọ́n. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú lórí eku kọ̀ǹpútà.

"Ẹ má ṣí i, Bọ̀dá."

"Fódà náà ti ń bu èèyàn jẹ báyìí?"

"Ẹ má ṣí fódà yẹn rárá. Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyàwó wa dá sísọ́ọ̀sì dúró. Ó ní, "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí. Mi ò mọ irọ́ í pa, ojú mi máa ń tú mi fó, nítorí náà mi ò dúró jẹ oúnjẹ tó gbé ka iná.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀, ó sì fọ́n wọ ojú fèrèsé ilé-iṣẹ́. A ń wá ẹ̀dà kóòdù yẹn káàkiri. A rí òmíràn níbi tí ètò wa ti ń múra fọ́tò sílẹ̀ fún ìtẹ̀wé. Onígíláàsì ní ẹni tó dà á kọ ì bá kúkú fi fọ́tò ara rẹ̀ síbẹ̀ kí a mọ ẹni tí a ń ṣépè fún. Èmi náà rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ látọjọ́ yìí.

Bọ̀dá pè mí nígbà tí mo wà nídìí ẹ̀. Mi ò gbé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún

Bọ̀dá tún pè. Ìyàwó wa náà pè. Mo dojú fóònù dé. Bí mo bá gbé e, wọ́n á bi mí, bí wọ́n bá bi mí, mo máa jẹ́wọ́. Ìwé ìtẹ̀ fọ́tò tún ti gbówó lórí, mo ń bá ara mi sọ pé bóyá torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè, kí n lè bá wọn wá ibi tó ti dínwó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe torí ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

A ti dí ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀gá ṣì ní ká dúró di ìparí oṣù tó ń bọ̀, kí a lè dán an wò dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún



Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí torí mi ò lè sá títí. Bọ̀dá ń nu lẹ́ǹsì, kò gbójú sókè. Ìyàwó wa ló sọ ọ́. Bàbá kan wà lójú títì wọn tó ń tún aago ṣe, Bàbá Aláago. Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bàbá ò ní fọ́tò rẹ̀ kankan tó dáa. Ọmọ wọn obìnrin tó wà lókè òkun ló ní ọ̀kan, ó sì fi ránṣẹ́ sí Bọ̀dá kó fẹ̀ ẹ́, kó fi férémù sí i, kí wọ́n lè gbé e síwájú pósí. Àdírẹ́sì rẹ̀ ṣàjèjì. Bọ̀dá kó o sínú Àwọn Àjèjì, bí mo ṣe wí.

Bàbá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó tún wá lọ́jọ́bọ̀. Àná ni wọ́n sin ìyá.

Bọ̀dá wá sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. "Mo sọ fún bàbá pé ẹ̀rọ mi bàjẹ́. Ẹ̀rọ mi ò bàjẹ́. O jẹ́ kí n parọ́ fún àgbàlagbà tó ń ṣọ̀fọ̀."

"Bọ̀dá, ẹ má bínú."

"Mo pè ọ́ kí o lè sọ fún mi pé kí n ṣí ẹyọ kan yẹn péré. Ǹjẹ́ nǹkan kan wà tí o mọ̀ tí o ò sọ fún mi?"

Mo ní, "Ó wà."

"Ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó burú."

"Ìgbà wo lo máa tó lè sọ ọ́?"

Mo ní kò ní pẹ́. Mo ní kó fún mi ní fáìlì náà, kí n lọ ṣí i ní ibi iṣẹ́ wa, níbi tó ti lè ṣí láìséwu. Ó mi orí. "Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ ìyá náà fi í ránṣẹ́ sí. Kò ní tọwọ́ ẹlòmíràn lọ. Ọjọ́ tí o bá lè sọ fún mi, ọjọ́ yẹn la máa ṣí i."

Ìyàwó wa sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ó dàbọ̀ o, Àǹtí." Àǹtí ló pè mí, kì í ṣe Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sọ́kàn délé. Bí mo ṣe jókòó yìí, mi ò tíì mọ̀ bóyá nǹkan burúkú kan tiẹ̀ wà nínú fọ́tò náà àbí kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mo sọ fún ọ̀gá pé bí a bá dúró di ìparí oṣù tó ń bọ̀, mo máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bàbá Aláago fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "O fún un ní ìlàjì ìkìlọ̀. Ìlàjì ìkìlọ̀ burú ju kí èèyàn dákẹ́ lọ."

Mo ní, "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, sà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fún un ní ìlàjì tó kù."

Lẹ́yìn ọ̀sán, Olófòófó kọ̀wé. Ó ní òun ti rí ẹnìkan níbi tí àwọn olè orí ẹ̀rọ ti ń nájà, tó ń polówó fọ́tò tó ń ṣe irú nǹkan yìí. Ó ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ òun ni olè náà ti gbọ́ ọ, fúnra rẹ̀ ló rí ihò náà. Ọ̀gá kà á, ó tún un kà. Ó ní kí a máa múra, ọjọ́ Ajé ni àtúnṣe máa jáde.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Onígíláàsì kọ ètò kékeré kan tó ń ba fọ́tò jẹ́. Á mú fọ́tò tó dáa, á purọ́ mọ́ ìwọ̀n rẹ̀, á jù ú sí ètò wa, á tún mú òmíràn. Láti àná ló ti ń ṣe é. Gbogbo wọn ni ètò wa kọ̀. Òjò ń rọ̀, iná lọ lẹ́ẹ̀kan, ọkàn wa fò, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ gbé e. Onígíláàsì jẹ búrẹ́dì níwájú ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń ṣọ́ aláìsàn.

Ọjọ́ Ajé, ọgbọ̀n ọjọ́

Ó ti jáde. Obìnrin ìpolówó ló kọ ìkéde rẹ̀, kò sì fi nǹkan kan bò: bí ẹ bá ń lo ètò wa, ẹ gba èyí lónìí, ẹ má ṣí fọ́tò kankan kí ẹ tó gbà á, fódà pàápàá ẹ má ṣí i. Ọ̀gá ní kí n máa lọ. Kò sọ ibi tí mo ń lọ, èmi náà ò sọ ọ́.

Mo sáré dé ṣọ́ọ̀bù. Mo bá Bọ̀dá nídìí kọ̀ǹpútà. Mo ní, "Ṣé ẹ ti gba àtúnṣe tuntun?"

Ó ní, "Nǹkan kan yọ lójú ẹ̀rọ láàárọ̀, ó ní kí n tẹ òun. Mo pa á dé. Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi pé kí n má tẹ ohun tí mi ò pè."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín títí n ó fi jókòó sílẹ̀. Mo fa àga, mo tẹ̀ ẹ́ fún un, mo dúró títí ó fi parí. Lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí fọ́tò bàtà. Ìyàwó wa kúrò ní káńtà, ó wá dúró tì wá.

Bọ̀dá ní, "Nígbà tí mò ń ṣí wọn lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yìn mi lo dúró sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ń wò mí."

"Mò ń wò yín, Bọ̀dá. Àyà mi ń já. Mi ò sì sọ ọ́."

Mo rò pé ó máa ní kí n jáde. Nígbà tó yá, ó sún àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè sún mọ́ tábìlì. Ó ní, "Ó dáa. Ṣí i."

Kí n tó ṣí i, mo wo nọ́ńbà tó wà níwájú fáìlì náà, ìbú àti gíga tó pe ara rẹ̀. Mo fi wé bí fáìlì náà ṣe tóbi tó. Ó bá a mu régé. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti ń sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́. Obìnrin àgbà kan ń fọ abọ́ nínú ọpọ́n ńlá, ọṣẹ hó dé ìgúnpá rẹ̀, tówẹ́ẹ̀lì wà léjìká rẹ̀. Ẹni tó ya fọ́tò náà ti sọ nǹkan tó pa á lẹ́rìn-ín, ó sì yíjú láti dá a lóhùn. Ẹnu rẹ̀ ṣì là. Ìyàwó wa ní, "Ìyá náà nìyí," ó sì fi ìka nu ojú rẹ̀. Èmi náà sunkún, mi ò sì bò ó.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin

Bọ̀dá fi ọ̀sán àná ṣe é. Kò yọ ọṣẹ kúrò, kò tún ojú ìyá ṣe. Ó mú férémù tó dáa jù nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí n gbé e, kí n tẹ̀ lé òun.

Yàrá kan ṣoṣo ni Bàbá Aláago ní lẹ́yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀, aago sì kún ara tábìlì. Ó gba fọ́tò náà, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún gbé e sún mọ́ra. Ó ní, "Mo ní kó fi abọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, ó ní wọn kì í fọ̀ ọ́ mọ́." Lẹ́yìn náà ó bi Bọ̀dá pé, "Ẹ̀rọ yín ti wá dára?"

Bọ̀dá ní, "Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, Bàbá. Irọ́ ni mo pa fún yín. A bẹ̀rù láti ṣí i ni, kò sì yẹ ká bẹ̀rù ẹ̀. Ẹ foríjì wá." "Wá" ló wí, kì í ṣe "mi". Kò wò mí.

Bàbá mi orí bí ẹni tó gbọ́ èyí tó gbọ́. Ó na ọwọ́ sí ògiri tó dojú kọ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ìṣó kan wà níbẹ̀, tuntun, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo gbé iṣẹ́ yẹn fún yín ni mo ti kàn án. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń dùbúlẹ̀ wò ó."

Bọ̀dá sún sẹ́yìn fún mi. Mo gun àpótí, mo gbé ìyá kọ́.